Ṣé owó oṣù lè gbé owó ilé l'Óṣogbo?

Ajẹ́ǹtì tó ń mú èèyàn wo ilé ní Ògo-Olúwa tàbí Òkè-Fìà ní ìṣirò kan tó máa ń ṣe fún oníbàárà tó bá ń fà sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, ₦300,000 lọ́dún ni. Ẹ pín in sí méjìlá, ₦25,000 péré lóṣù. Ta ni ò lè san ₦25,000?" Ìṣirò náà pé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ òun gan-an ló ń kó ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sí wàhálà, nítorí kò wọ́pọ̀ kí onílé gba ₦25,000 lọ́wọ́ ayálégbé ní ìparí oṣù. Ó fẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tó kó ẹrù wọlé, òun nìkan kọ́ sì ni ẹ máa san. Mo fi ₦300,000 ṣe àpẹẹrẹ torí pé ó rọrùn láti pín. Ẹ fi iye tí wọ́n bá dá lé yín rọ́pò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ìbéèrè méjì ló fara pamọ́ sínú ọ̀kan. Èkíní: tí a bá yọ owó ilé ọdún kan kúrò nínú owó oṣù méjìlá, ṣé ohun tó kù á tó jẹun, tó wọ ọkọ̀, tó ra oògùn? Èkejì: ṣé owó tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ yẹn lè jọ di odidi kí ọjọ́ onílé tó pé? Èèyàn lè yege níbi èkíní kó sì kọsẹ̀ níbi èkejì. Lójú tèmi, èkejì ló ń fìyà jẹ òṣìṣẹ́ Òṣogbo jù, òun la sì kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ iye tí à ń pè ní owó oṣù. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tó gbé owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000. Ní ìparí ọdún náà, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè fọwọ́ sí ₦75,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú iṣẹ́ ìjọba ní Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ń gba ₦900,000 lọ́dún kí wọ́n tó yọ ohunkóhun nínú rẹ̀. Wọ́n á sì yọ. Owó ìfẹ̀yìntì nìkan, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2014 ṣe là á sílẹ̀, jẹ́ ₦8 nínú ₦100.

Òfin owó oṣù yẹn ò sì dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó ń jí ṣiṣẹ́ láàárọ̀. Òfin owó oṣù ti ọdún 2019, tí ti 2024 jẹ́ àtúnṣe rẹ̀, yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ó yọ àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ àti àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó tò lọ láti Ọláìyá dé Ọjà-Ọba, ẹ wo àwọn ilé-ìwé aládàáni kéékèèké, ilé oúnjẹ, ilé tí wọ́n ti ń ránṣọ. Mélòó nínú wọn ló ní òṣìṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Olùkọ́ tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ń fún ní ₦40,000 kò lè fi ₦70,000 pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Tirẹ̀ jẹ́ ₦480,000 lọ́dún. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní kí ayálégbé má ráhùn mọ́ torí pé wọ́n ti fowó kún owó oṣù, ẹ bi í pé owó oṣù ta ni.

Ẹ ti lè gbọ́ ọ pé owó ilé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé lọ. Ìlànà Amẹ́ríkà nìyẹn. Lọ́dún 1969, àtúnṣe òfin tí Sẹ́nétọ̀ Edward Brooke gbé kalẹ̀ sọ pé ayálégbé inú ilé ìjọba kò gbọ́dọ̀ san ju ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un. Lọ́dún 1981, wọ́n gbé e dé ọgbọ̀n, tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí ilé ìjọba wá di òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọn gbogbo ilé. Lọ́hùn-ún pàápàá, kò bá owó òṣìṣẹ́ kékeré mu. Owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti wà lórí $7.25 láti 2009. Ẹni tó bá fi í ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí lọ́sẹ̀ jálẹ̀ ọdún á rí $15,080. Ìdá ọgbọ̀n rẹ̀ jẹ́ $377 lóṣù, kò sì sí ìlú ńlá kan níbẹ̀ tí owó yẹn ti máa tètè rí fúláàtì tó dáa gbà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ohun mìíràn tún wà tó mú kí ìdá kan nínú mẹ́ta léwu. Àjọ NBS, tó ń bá ìjọba àpapọ̀ ṣe ìṣirò, wo bí ìdílé Nàìjíríà ṣe náwó lọ́dún 2019. Nínú ₦100 tí wọ́n ná, ó lé ní ₦56 tó lọ sórí oúnjẹ. Ẹ fi ₦33 owó ilé kún un, ó ti di ₦89. ₦11 tí kò pé ló kù fún ọkọ̀, iná, owó ilé-ìwé, oògùn, aṣọ, dátà, àti ìyá tó ń retí nílé. Ẹni tó ń gba ₦2,000,000 lóṣù lè yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún owó ilé kó má sì rò ó, torí ikùn rẹ̀ ò tóbi ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó ń gba ₦75,000 tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti máa mú un.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n fi ìdá kan nínú márùn-ún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin. Fún olùkọ́ oní ₦40,000, ìyẹn wà láàárín ₦96,000 àti ₦120,000 lọ́dún. Yàrá kan nínú ilé tí ojúlé kọjú síra, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìwẹ̀, ni kó máa wò, ní àdúgbò àtijọ́ bí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí Ìgbóǹnà, tàbí kí òun àti ẹnì kan jọ gba yàrá. Fún òṣìṣẹ́ oní ₦75,000, ó wà láàárín ₦180,000 àti ₦225,000. Ẹ rí i pé sẹ́ẹ̀fù-kọ́ntéènì (yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná tirẹ̀) oní ₦300,000 tí ajẹ́ǹtì sọ pé "₦25,000 péré" ti kọjá ibẹ̀. Odidi ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀ ni. Ẹni tó ń gba ₦150,000 lè wo ilé tó wà láàárín ₦360,000 àti ₦450,000. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè èkíní nìyí: owó oṣù ẹnì kan tó wà nísàlẹ̀ lè gbé yàrá, ó lè fi agbára káká gbé sẹ́ẹ̀fù, kò lè gbé fúláàtì. Fúláàtì oníyàrá méjì ń fẹ́ owó oṣù méjì, tàbí owó oṣù kan àti ọjà tó ń tà.

Ó yá, ká wá sí bí èèyàn ṣe máa kó o jọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ pé ẹ fẹ́ ilé náà, ajẹ́ǹtì á fa bébà yọ, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Owó ilé, ₦300,000. Owó ajẹ́ǹtì, tó sábà máa ń jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦30,000. Àgírímẹ́ǹtì, ₦30,000 mìíràn. Kọ́ṣọ̀n, tí onílé yóò dá padà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde tí ẹ kò bá ba nǹkan jẹ́, ká fi sí ₦50,000. Ó ti di ₦410,000, ẹ kò tíì háyà ọkọ̀ ẹrù, ẹ kò tíì ra gílóòbù. Fún ẹni tó ń gba ₦75,000, owó oṣù márùn-ún àti ààbọ̀ nìyẹn, láìjẹ, láìmu. Tó bá ń tọ́jú ₦25,000 lóṣooṣù láìyẹ̀, yóò gbà á ju oṣù mẹ́rìndínlógún lọ kó tó pé. Ní gbogbo àkókò yẹn, ibì kan náà ló ń sùn, ó sì ṣeé ṣe kó máa sanwó níbẹ̀.

Tó bá wá wọlé tán, ìsinmi ò sí. Láti oṣù àkọ́kọ́ ni kó ti máa tọ́jú ₦25,000 mìíràn, kí ₦300,000 lè pé lọ́jọ́ tí ọdún bá yípo. Oṣù méjìlá gééré ni, kò sí ọ̀kan tó lè fò. Tí ibà bá dá ọmọ gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, tí ìjọba tàbí ọ̀gá bá fi owó oṣù falẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ihò ti ṣí nìyẹn. Tí onílé bá sì sọ pé ọdún méjì ni òun ń gbà, ₦710,000 ni bébà yẹn máa ká sí, ìyẹn owó oṣù mẹ́sàn-án àti ààbọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin ti ka gbígba ọdún méjì léèwọ̀. Òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 ni wọ́n ń sọ, òun ló ní kí onílé má gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin Èkó ni. Ẹ má fi bá onílé jà l'Óṣogbo, kò dé ibí.

Mi ò sì sọ pé onílé jẹ́ ọ̀tá. Púpọ̀ nínú wọn fi owó ara wọn kọ́lé, búlọ́ọ̀kù díẹ̀ lọ́dún yìí, páànù lọ́dún mìíràn, láìsí báńkì tó yá wọn lówó tó lọ́jọ́ lórí. Owó ilé tó bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n fi ń ra sìmẹ́ǹtì, òun ni wọ́n fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ. Wọ́n sì ti rí ayálégbé tó sanwó oṣù méjì, tó wá jókòó síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ fi di ti kóòtù. Àárín ẹni tí owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù àti ẹni tí ìnáwó rẹ̀ ń fẹ́ odidi ni àlàfo náà wà. Lọ́wọ́lọ́wọ́, ayálégbé nìkan ló ń dí i, ohun tí mo rò pé kò tọ́ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ tó bá lè san owó ilé ọdún kan fún òṣìṣẹ́ kó sì máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ ti ṣe é lóore ju àfikún ₦5,000 lọ.

Níbi tí irú ìyẹn ò bá sí, ohun tí àwọn baba wa ti ń lò kò tíì bàjẹ́. Tí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá àjọ ₦30,000 lóṣù, ẹni tó bá kàn á gba ₦300,000 lódidi. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni ìgbà tó máa kàn wọ́n. Wọ́n á gba nọ́ńbà kejì torí ojú ń kán wọn, wọ́n á ná an sórí nǹkan mìíràn, tí ọjọ́ onílé bá pé ní oṣù Kẹwàá, wọ́n ṣì ń dá, wọn ò sì ní gbà mọ́. Ẹ bẹ olórí àjọ kó fi yín sí oṣù tó ṣáájú ọjọ́ owó ilé yín. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ tún dáa sí i fún owó àkọ́wọlé, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ti tọ́jú sọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n á sì máa yọ ọ́ nínú owó oṣù kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ti áàpù ayánilówó orí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sanwó ilé. Gbèsè ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń yáni, ọdún kan ni ilé ń jẹ.

Ẹ tún wo ìnáwó ìkóléèkójáde yìí dáadáa nígbà tí onílé bá fi owó lé owó. Ká ní ó fi ₦40,000 lé e, inú bí yín, ẹ ní ẹ ó wá ilé mìíràn tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 bíi ti àtijọ́. Ajẹ́ǹtì àti àgírímẹ́ǹtì níbẹ̀ á gba ₦60,000, kọ́ṣọ̀n tuntun á tún há mọ́ ọn, ọkọ̀ ẹrù náà á gba tirẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, ìbínú náà ti wọ́n ju àfikún lọ. Ó sàn kí ẹ tọ Bàbá onílé tàbí Màmá onílé lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ kí ọdún tó yí, kí ẹ sì fi rìsíìtì hàn pé ẹ kì í jẹ gbèsè. Onílé tó mọ ohun tó ń ṣe mọ̀ pé yàrá tó ṣófo fún oṣù mẹ́ta gba ju ₦40,000 lọ lọ́wọ́ òun.

Ilé tó pọ́ọ́kú lójú lè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Abéré lè rí yàrá ní Òkìnní lójú ọ̀nà Ìlobùú tó fi ₦60,000 dín sí ti ìtòsí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ ₦5,000 lóṣù. Tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá wá gba ₦400 lé e lójúmọ́, fún ọjọ́ méjìlélógún tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù, ₦8,800 nìyẹn. Ó ti pàdánù ₦3,800 lóṣù lórí ilé tó rò pé ó dín owó. Owó ọkọ̀ sì ti lọ sókè láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé ìpele wo ni iná àdúgbò náà wà. Láti 2024, yúníìtì iná kan ní ìpele A, ti àwọn tó ń rí iná jù lọ, ti lé ní ₦200. Ẹni tó bá ń lo mẹ́ta lójúmọ́ ti ná ju ₦18,000 lóṣù. Ẹ yẹ mítà wò kí ẹ tó sanwó, torí gbèsè ayálégbé àná lè wà lórí rẹ̀, yóò sì máa jẹ nínú káàdì tí ẹ bá rà.

Ọ̀pọ̀ ló ń gba ₦40,000 l'Óṣogbo tí a kì í gbọ́ ìráhùn wọn. Inú agbo ilé ni wọ́n ń gbé. Yàrá bàbá wọn ni, wọn kì í san kọ́bọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín olùkọ́ méjì tí owó oṣù wọn dọ́gba, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Òṣogbo tí èkejì wá láti ibòmíràn, lè jẹ́ owó oṣù mẹ́ta lọ́dún. Ẹni tó wà ní agbo ilé náà ní ìnáwó tirẹ̀, orùlé tó ń jò àti ọ̀rọ̀ ẹbí tí kì í tán, àmọ́ kò sí ẹni tó máa já ìwé lé e lọ́wọ́. Nígbà tí a bá ń sọ pé òṣìṣẹ́ kékeré "ń rọ́nà gbé e gbà" ní ìlú yìí, agbo ilé ló ń gbé e gbà fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í ṣe owó oṣù.

Ìrọ̀rùn díẹ̀ wà nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní 2026. ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí, wọ́n sì tún ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ẹ san, kó má ṣáà ju ₦500,000 lọ, kúrò nínú owó tí wọ́n máa bù lórí. Ẹni tó ń gba ₦150,000 lóṣù, tó san ₦450,000 owó ilé, á rí ₦90,000 yọ. Níbi tí wọ́n ti ń bu ₦15 lórí ₦100, ₦13,500 ló dín kù nínú owó orí rẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ kò ní bọ́ sọ́wọ́ yín tí ẹ ò bá lè fi hàn pé ẹ sanwó ilé. Ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ, iye àti ọjọ́, tàbí kí ẹ san án láti báńkì.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni bí ẹ ṣe máa san án. Àwọn onílé kan ṣì wà, pàápàá lórí yàrá kan ṣoṣo, tó ń gba owó lóṣooṣù tàbí lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó bá owó oṣù mu gan-an, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ bèèrè rẹ̀ láìtijú. Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ máa pàdánù nítorí rẹ̀. Tí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ nǹkan mìíràn, ayálégbé ọlọ́dọọdún lẹ́tọ̀ọ́ sí nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà kí onílé tó lè ní kó jáde, ti oṣù mẹ́ta mẹ́ta lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù mẹ́ta, ti olóṣooṣù sì lẹ́tọ̀ọ́ sí oṣù kan péré. Lẹ́yìn èyí ni ìwé ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn rẹ̀ ni kóòtù; onílé kankan ò gbọ́dọ̀ ṣí òrùlé tàbí kó ẹrù yín síta fúnra rẹ̀. Ẹ ti rí i pé oṣù kan kò tó kó ₦410,000 jọ. Nítorí náà, tí onílé bá gbà pé kí ẹ máa san owó ọdún díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé ọdún kan ni ẹ gba ilé náà fún, pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ máa san án, àti pé nọ́tíìsì oṣù mẹ́fà ló wà láàárín yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí i.